Bí mo ṣe di sítísẹ́ǹ tí orúkọ ọmọ mi fi já bọ́ nínú ìwé ìyá rẹ̀

Físà lọ́tìrì ló gbé mi dé Houston ní 2014; mo wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn kí wọ́n tó yọ wá kúrò nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2017 mo wálé. Èmi àti ìyàwó mi lọ sí rẹ́jísìrì ní Ìkòyí, a sì ṣe ìdána ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì. Ìdána ló dùn jù, ìwé rẹ́jísìrì ló wúlò jù. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, Àjọkẹ́ ọmọ wa ti dé.

Ní ìparí 2019 ni mo fáìlì fún wọn. Fọ́ọ̀mù I-130, èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹbí tí èèyàn fẹ́ mú wá, kan ṣoṣo ni mo kọ, 535 dọ́là ni mo san. Gíríìnì kádì ni mo ní nígbà yẹn, ipò tí wọ́n sì fi ìyàwó mi sí ni wọ́n ń pè ní F2A, ìlà ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ ẹni tó ní gíríìnì kádì. Nínú F2A, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21, tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, máa ń wọ abẹ́ ìwé ìyá rẹ̀. Ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ó parí. Mo rò pé mo ti ṣọ́ owó ná.

Ni 31 Oṣù Kìíní 2020 bá dé. Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ìwé tó dá físà àwọn tó fẹ́ wá gbé Amẹ́ríkà dúró fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Kòrónà tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí Biden gorí àlééfà, 20 Oṣù Kìíní 2021, ló fagi lé e.

Láàárín ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń sọ fún mi pé kí n di sítísẹ́ǹ, pé ìyẹn ló máa yá. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló jókòó tì mí tí mo fi há ìbéèrè ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi ń dán ẹni tó fẹ́ di sítísẹ́ǹ wò nígbà yẹn sórí. Mo búra ní Oṣù Karùn-ún 2021, a jẹ, a mu. Mo fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi ránṣẹ́ sí National Visa Center, ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tó ń kó ìwé físà jọ ṣáájú intafíù, pé kí wọ́n sún ìyàwó mi sókè. Wọ́n sún un lóòótọ́. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà nínú èsì.

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni. Lọ́yà tí mo san owó wákàtí kan fún ló là á yé mi: ìyàwó sítísẹ́ǹ kì í tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹnikẹ́ni pọ̀n wọlé. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ ní I-130 tirẹ̀. Èyí tó tún wá dùn mí ni pé ìlà F2A fúnra rẹ̀ ṣófo lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ń dúró lórí rẹ̀.

Mo pe ilé. Ìyàwó mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Àjọkẹ́, tí ọmọ yín ò bá lọ, èmi náà ò lọ o." Mo san 535 dọ́là mìíràn. Ó tó ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ti ọmọ.

Ìwé kíkó jọ ló gba ẹ̀mí wa. Wọn ò forúkọ ìbí ìyàwó mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, nítorí náà ó ní láti gba ìwé lọ́dọ̀ National Population Commission. Folasade ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, Folashade ló wà nínú ìwé ìgbéyàwó. Lẹ́tà "h" kan ṣoṣo yìí gbé e dé kóòtù láti búra, ó tún gbé e dé ilé ìwé ìròyìn. Ó lọ tẹ̀ka ní Alágbọn fún ìwé ọlọ́pàá. Èmi náà kọ I-864 níhìn-ín, ìwé ìlérí pé èmi ni n ó máa gbọ́ bùkátà wọn, láti fi hàn pé owó tó ń wọlé fún mi kò dín sí ìdá 125 nínú 100 iye tí ìjọba kà sí ààlà òṣì. Kí ẹ ka ìwé yẹn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i: bí ìgbéyàwó bá tiẹ̀ tú ká, gbèsè inú rẹ̀ kò tú ká.

Oṣù Kejì 2023 ni intafíù, ní kọ́ńsúlétì Amẹ́ríkà ní Victoria Island. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọlé, nítorí náà láti aago kan òru Houston ni mo ti ń wo fóònù tí kò dún. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó náà béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe àti iye ìgbà tí mo ti wálé, ó wá gbé fọ́tò kan sókè: èmi rèé nílẹ̀ gbalaja nínú aṣọ òfì, obìnrin kan dúró lé mi lórí pẹ̀lú makirofóònù. Ta nìyí? Ìyàwó mi ní alága ìjókòó ni, pé ó ní ìdọ̀bálẹ̀ àkọ́kọ́ kò wọlé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba pásípọ́ọ̀tù méjèèjì.

Wọ́n dé ní Oṣù Kẹrin. Torí pé ìgbéyàwó wa ti ju ọdún méjì lọ, gíríìnì kádì ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n fún ìyàwó mi. Ká ní kò tíì pé ọdún méjì ni, ọlọ́dún méjì ni wọn ì bá fún un, a ó sì tún jọ kọ I-751, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di ọlọ́dún mẹ́wàá, láàárín 90 ọjọ́ tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ti Àjọkẹ́ ló yà mí lẹ́nu. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2000 sọ pé ọmọ sítísẹ́ǹ tí kò tíì pé ọdún 18, tó wọlé pẹ̀lú físà bíi tirẹ̀, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ òbí náà, di sítísẹ́ǹ lójú ẹsẹ̀. Mo mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà fún un. Nígbà yẹn, ìyá rẹ̀ ṣì ń ka ọdún mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ pé kí òun náà tó lè di sítísẹ́ǹ. Ọjọ́ tí ìwé náà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó wo ọmọ, ó ní, "Ẹni tí wọ́n lé bọ́ lẹ́yìn mi nìyí o."