Bí Òṣìṣẹ́ Tí Kò Ráyè Ṣe Lè Kọ́ Iṣẹ́ Ìdarí Lẹ́nu Iṣẹ́ Rẹ̀ Gan-an

Ẹni tí ó mọ ìṣirò owó dáadáa ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe olórí ẹ̀ka ìṣirò owó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe ni wọ́n máa ń fi ṣe ọ̀gá àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbéga bá ti dé ni iṣẹ́ ti yí padà: kì í ṣe ohun tí ẹni náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọn yóò máa wò mọ́, bí kò ṣe ohun tí àwọn ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ṣe. Lẹ́tà náà kì í sì í mú ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ wá. Ẹni tí ó ń kúrò nílé ní Ìkòròdú ní aago márùn-ún ìdájí, tí kì í wọlé padà ṣáájú aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò ní wákàtí mẹ́ta tí yóò fi jókòó sí kíláàsì, òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ti di ti òde, ti ilé ìjọsìn àti ti àwọn ọmọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má wulẹ̀ wá àyè mìíràn kiri, kí ó sọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ di kíláàsì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìdarí, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ télọ̀ ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ kọ́ ìránṣọ níbòmíràn. Aṣọ oníbàárà ni ó fi ń kọ́ ọ, ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó, ó ń tú èyí tí kò gún, ó sì ń tún un rán.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ iṣẹ́ yín

Ẹ ra ìwé kékeré kan tí ó lè wọ àpò, tàbí kí ẹ ṣí ojú ewé kan sórí fóònù yín. Fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ máa kọ sí i: iṣẹ́ tí ẹ fún ẹlòmíràn tí ó padà sọ́dọ̀ yín láìparí, ọ̀rọ̀ tí ẹ ní láti sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti iṣẹ́ tí ẹ gbé lọ sílé nígbà tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó ṣe é. Ìlà kan ti tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ kà wọ́n. Bí irú èkíní bá pọ̀ jù, bí ẹ ṣe ń rán ènìyàn níṣẹ́ ni ó ní àbùkù. Bí ó bá jẹ́ èkejì, ọ̀nà tí ẹ ń gbà sọ̀rọ̀ tàbí tí ẹ ń gbà kọ íméèlì ni. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀kẹta, ọkàn yín kò tíì gbà pé ẹ ti di olórí. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú nínú wọn, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀ yóò ti pa á tì kí oṣù tó parí, mo sì ń sọ ohun tí mo ti ṣe rí ni.

Bí a ṣe ń rán ènìyàn níṣẹ́

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí láàárín ẹbí, níbi tí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ ìtàn tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ní ọ́fíìsì, àbọ̀ iṣẹ́ ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń bí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka kan, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi wo gbèsè àwọn oníbàárà kí ìpàdé ọjọ́ Ajé tó bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó lóòótọ́. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni orúkọ gbogbo àwọn tí gbèsè wọn ti kọjá 90 ọjọ́, pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù wọn jẹ. Ohun tí ó wá sọ fún mi ni pé gbèsè náà ti ń pọ̀ díẹ̀, sà. Òun ni mo bínú sí, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ̀bi.

Láti ìgbà náà, ohun márùn-ún ni mo máa ń sọ kí ẹni tí mo rán níṣẹ́ tó kúrò níwájú mi: bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí nígbà tí ó bá parí, ìdí tí a fi fẹ́ ẹ, ọjọ́ àti wákàtí tí a fẹ́ ẹ, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ìgbà tí a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó parí. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ọ̀gá máa ń gbàgbé jù. Bí ẹ bá rán ènìyàn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ẹ kò sì sọ fún un pé ó lè ná tó 400,000 náírà láìtún bi yín, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò pè yín láti inú ọjà, tàbí kí ó má pè rárá kí ó sì ná 700,000.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Ẹ má ṣe béèrè bóyá ó yé e. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ ní ilé kò jẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun. “Ó yé mi, sà” ni yóò sọ, yóò sì lọ máa wádìí lọ́wọ́ ẹnikejì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ báyìí pé: “Jọ̀ọ́, sọ bí o ṣe fẹ́ ṣe é fún mi, kí n lè mọ̀ bóyá nǹkan kan wà tí mo gbàgbé.” Ẹ ti gbé ẹ̀bi ìgbàgbé lé ara yín lórí nínú gbólóhùn yẹn, ojú kò sì ní tì í láti sọ ibi tí kò dá a lójú.

Bí iṣẹ́ náà bá padà wá tí ó kù díẹ̀ káàtó, ẹ má gbà á ṣe fúnra yín ní alẹ́, nítorí pé ẹni tí ẹ bá ń bá tún iṣẹ́ ṣe ní bòókẹ́lẹ́ kò ní mọ̀ pé òun ṣì í ṣe. Ẹ fi àmì sí ibi tí kò pé, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì ṣàlàyé. Mo mọ̀ pé yóò dà bí ẹni pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀: iṣẹ́ tí ń gba 40 ìṣẹ́jú yín lọ́sẹ̀, bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́ta kọ́ ẹlòmíràn, kí ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó parí ni ẹ ó ti rí wákàtí mẹ́ta yẹn gbà padà, gbogbo ìyókù ọdún sì di èrè yín.

Nígbà tí ẹni tí ẹ ń darí bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí

Àwọn ẹ̀kọ́ ìdarí tí ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ẹ wo olórí ẹ̀ka kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 32, tí bàbá ẹni ọdún 54 kan wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá náà sì ti wà nínú iṣẹ́ kí olórí yìí tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn kan kì í lè rán bàbá náà níṣẹ́ rárá, wọn a wá kó gbogbo rẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ lórí títí àwọn yẹn yóò fi máa kùn. Àwọn mìíràn a fẹ́ fi hàn án pé àwọn ni ọ̀gá, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “ìwọ” lójú gbogbo ènìyàn, láti ọjọ́ náà lọ kò sì ní sí ẹni tí yóò fi inú kan bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́ ní ọ́fíìsì náà.

Ohun tí ó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ọ̀wọ̀ wà nínú ohùn, kí àṣẹ sì wà nínú ọjọ́ tí a dá. Ẹ kọ́kọ́ kí i ní àárọ̀, kí ẹ lo “ẹ” fún un, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa mójú tó ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ọjọ́rú ni ọ̀gá àgbà fẹ́ ẹ. Ṣé kí n wá wo ibi tí ẹ bá a dé ní ọ̀la, ní aago mẹ́rin?” Kò sí àrífín nínú gbólóhùn wọ̀nyí, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà: ohun tí a fẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, àyẹ̀wò sì wà níbẹ̀. Bí gbogbo ọ́fíìsì bá ń pè é ní Bàbá tàbí Àlàájì, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu; ṣùgbọ́n nínú íméèlì àti nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, Ọ̀gbẹ́ni àti orúkọ ìdílé rẹ̀ ni kí ẹ kọ, bí ẹ ṣe kọ ti àwọn yòókù.

Kí ẹ tó ṣe ìpinnu tí ó kan iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lọ bá a ní ìdákọ́ńkọ́ kí ẹ béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: òun ni ó mọ oníbàárà tí ó máa ń san owó lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi àti èyí tí ó ń purọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ bí a ṣe ń tò ó sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ ṣe ìpinnu yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà bá ìmọ̀ràn rẹ̀ mu tàbí kí ó má bá a mu. Bí ẹ bá sì ní láti fi ìwé bá a wí, ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá òdìkejì èyí pàdé, níbi tí ọ̀gá tí ó dàgbà ju wọ́n lọ ti ń ní kí wọ́n máa pe òun ní orúkọ òun. Kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù. Orúkọ tí ènìyàn bá ní kí a máa pe òun ni ọ̀wọ̀ rẹ̀.

Ìbáwí àti ìyìn

Ọ̀nà kan tí àwọn Center for Creative Leadership ní Amẹ́ríkà fi ń kọ́ni rọrùn láti rántí: ẹ sọ ibi àti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹni náà ṣe, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ. “Ọ̀lẹ ni ọ́” kò sí nínú rẹ̀. “Ní ìpàdé àná, o dé ní 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a ti bẹ̀rẹ̀, a sì ní láti tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ lójú oníbàárà” ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi máa yin ènìyàn, nítorí pé “o kú iṣẹ́” lásán kò jẹ́ kí ẹni tí a yìn mọ ohun tí ó yẹ kí ó tún ṣe.

Àkókò

Lórí ìpàdé, n kò ní pẹ́: ìpàdé tí kò bá ní ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn, ẹ fi ìkéde WhatsApp rọ́pò rẹ̀. Fún iṣẹ́ tí ó gba àròjinlẹ̀, mo fara mọ́ ọ̀nà tí Francesco Cirillo, ará Ítálì, bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí ó fi aago ilé ìdáná kan tí ó rí bíi tòmátì ka 25 ìṣẹ́jú, tí ó ṣiṣẹ́ kan ṣoṣo títí aago fi dún, kí ó tó sinmi díẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan irú rẹ̀ sí àárọ̀, kí íméèlì tó gba ọkàn yín. Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Agbado sí Oyingbo lè fi ìrìn náà kàwé. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kí ó tẹ́tí nìkan, kí ó má sì tẹ fóònù.

Ìwé-ẹ̀rí

N kò kẹ́gàn ìwé-ẹ̀rí. Nigerian Institute of Management ti wà láti 1961, Chartered Institute of Personnel Management sì wà fún àwọn tí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ wọn. National Open University of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tí wọ́n sì tún ṣí ní 2002, gba ẹni tí kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàyè láti kàwé gboyè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Project Management Institute ń béèrè kí ènìyàn tó lè jókòó ṣe ìdánwò PMP wọn, ìyẹn ìdánwò ìwé-ẹ̀rí fún àwọn tí ń darí iṣẹ́ àkànṣe: ẹni tí ó ní oyè yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35, kí ó sì ti fi oṣù 36 darí iṣẹ́ àkànṣe. Àwọn tí ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí gan-an mọ ibi tí ẹ̀kọ́ náà pọ̀ sí. Wọ́n á sì tún ní kí ẹ kọ àwọn iṣẹ́ tí ẹ ti darí sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń há sí, nítorí pé wọn kò rántí mọ́.

Nítorí náà, ẹ má jù ìwé kékeré ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nù. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ìlà kan nípa ohun tí ó yí padà nítorí iṣẹ́ yín, kí iye sì wà nínú rẹ̀: “A ń fi ọjọ́ 12 parí ìṣirò oṣù tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 7 ni báyìí.” Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹlòmíràn ni ó ń ki ni, pé a kì í ki ara ẹni, ìdí nìyí tí ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń wọhò nígbà tí wọ́n bá béèrè níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé kí ni a ti gbé ṣe. Ẹni tí ó bá ń ka iye tí ó ti kọ sílẹ̀ kò ki ara rẹ̀. Ó kàn ń jábọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni.