Ìrànlọ́wọ́ Èémí fún Ọmọ tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ìdílé ní Gúúsù Kwara

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni oṣù rẹ̀ kò pé, èémí ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ni í lára. Àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ní ohun kan tó bo inú wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ohun yìí kì í sábà tó kí oyún tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34. Bí kò bá tó, àwọn àpò náà á máa lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá tí omi kàn, ọmọ á sì máa fi agbára ṣí wọn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ètè rẹ̀ bá di aláwọ̀ aró. Bí ó bá ń mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ihò imú rẹ̀ bá ń fẹ̀, bí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí bí ó bá ń kùn bó ti ń mí síta (èyí tí àwọn ará ilé lè ṣì pè ní ẹkún), ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀rọ CPAP ni wọn yóò fi ràn án lọ́wọ́. Rọ́bà kékeré inú ihò imú ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láìdáwọ́dúró, kí àwọn àpò náà má baà pa dé. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, wọ́n ń ti òpin rọ́bà kan bọ inú ìgò omi, òpin rọ́bà náà sì sábà máa ń wọ inú omi tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8; bí afẹ́fẹ́ bá ń mú kí omi náà máa hó, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yọ rọ́bà náà nítorí àánú ọmọ. Ẹ má sì bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó fi kún ọ́síjìn, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè ba ojú ọmọ jẹ́.

Bí ìrọbí bá mú aláboyún ṣáájú ọ̀sẹ̀ 34, ì báà jẹ́ nínú oko, kí ọmọ dé ilé ìwòsàn nínú ìyá rẹ̀ sàn ju kí a bí i kí a tó máa gbé e kiri. Abẹ́rẹ́ wà tí dókítà lè fún ìyá láti mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó.

Bí a bá ti bí i, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dé e ní fìlà, kí ìyá gbé e lé àyà, ara kan ara, lábẹ́ aṣọ, kí imú rẹ̀ wà ní gbangba. Òtútù ń pa kún ìṣòro èémí, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ má ṣe wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì rọ àgbo sí i lẹ́nu. Kí ẹ tó gbéra ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, kí ẹnìkan pe ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ, kí ó bèèrè bóyá CPAP àti àyè wà níbẹ̀.