Ẹ̀kán Mẹ́fà Ti Tó: Bí Mo Ṣe Ń Po Essential Oil Láìda Ara Láàmú

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo kán òróró peppermint bí ẹ̀kán 10 sínú omi ìwẹ̀ gbígbóná, mo sì jókòó sínú rẹ̀. Mo rò pé ara á tù mí. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí òtútù fi ń jó mi bí iná, láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún. Mo fò jáde, mo ń bu omi sára, ńṣe ló ń le sí i. Òróró kì í bá omi pò: ó ti léfòó sójú omi, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lára ní ògidì. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́ kúrò nígbẹ̀yìn. Mo dojú bolẹ̀ sùn mọ́jú.

Essential oil tó wà nínú ìgò kékeré yẹn, ìyẹn òróró olóòórùn líle tí wọ́n ń yọ lára ewéko, kì í ṣe ẹgbẹ́ òróró ólífì. Ooru omi ni wọ́n fi ń lé ọ̀pọ̀ rẹ̀ jáde lára ewé, òdòdó, igi tàbí gbòǹgbò. Ti èèpo ọsàn ni wọ́n sábà máa ń fún láìlo iná. Ewé rẹpẹtẹ ló ń di ìgò kan. Nítorí náà, a kì í fi í para lógidì, a ní láti bù ú là, omi kọ́ la ó sì fi bù ú là. Òróró tí kò lóòórùn líle ni: álímọ́ńdì, jojoba, àgbọn, ólífì. Òróró ìbùlà ni èmi ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi wẹ̀ náà, kó kọ́kọ́ pò ó mọ́ òróró ìbùlà kó tó kan omi.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹ̀kán 20 ló máa ń wà nínú mílílítà 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ìgò kan fẹ̀ ju òmíràn lọ. Ẹ wọn òróró ìbùlà mílílítà 30, ìyẹn ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Ẹ̀kán 6 nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 1 nínú 100. Ẹ̀kán 12 jẹ́ ìdá 2. Ìdá 1 ni fún awọ ojú (kì í ṣe ẹyinjú), fún arúgbó, àti fún ẹni tí awọ ara rẹ̀ tètè ń bínú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán mẹ́fà ti tó. Imú á ní kò tó. Ẹ má dá a lóhùn. Òórùn tètè máa ń mọ́ imú lára. Láìpẹ́ kò ní gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ awọ ara kò tíì ṣíwọ́ gbígbà á.

Àwọn kan wà tí ẹ̀kán 6 gan-an pọ̀ jù fún. Òróró kànáfùrù kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀kán 3 lọ nínú mílílítà 30. Ti èèpo igi cinnamon kò tó ààbọ̀ ẹ̀kán. Ta ló fẹ́ pín ẹ̀kán kan sí méjì? Èmi ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Bergamot (irú ọsàn kan), lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún láti ara èèpo wọn tún ní wàhálà tiwọn: bí oòrùn bá pa ibi tí ẹ fi í pa láàárín wákàtí 12 sí 18, ara lè bó, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Ọsàn dídùn kò ní ìjà yẹn. Wintergreen, òróró ewé kan, jọ aspirin nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì má ṣe fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan á ní òróró òdòdó lavender nìkan la lè fi para lógidì, wọ́n á sì mú ìtàn Gattefossé wá, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé tó jóná lọ́wọ́ ní 1910, tó fi lavender wo ara rẹ̀. Ọgbẹ́ tó ti ń kẹ̀ lòun ń wò. Oorun alẹ́ lásán làwa ń wá.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ló kàn. Kí n tó kán ohunkóhun sínú ìgò, orí ìwé ni mo ti ń pò ó. N ó gé ìwé funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn ìka kan, n ó kán ẹ̀kán kan sórí ìkọ̀ọ̀kan, n ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sídìí. N ó wá kó mẹ́ta dání bí abẹ̀bẹ̀, n ó máa fẹ́ wọn níwájú imú, n kò ní tì wọ́n bọ imú. Bí kedari bá bo ọsàn mọ́lẹ̀, n ó fa ìwé kedari sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ọsàn á fi yọjú. Bí mo bá ṣe fà á sẹ́yìn tó ló ń sọ bí ẹ̀kán rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó. Ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ lọ, bí àlejò tí kò bọ́ bàtà. Lavender á dúró díẹ̀. Kedari ni onílé, ó lè wà lára aṣọ di ọjọ́ kejì.

Èyí tí mo fi ń ra ẹsẹ̀ àti èjìká lálẹ́ nìyí: álímọ́ńdì mílílítà 30, lavender ẹ̀kán 6, ọsàn dídùn ẹ̀kán 4, kedari ẹ̀kán 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pín in. Kì í ṣe méjìlá méjìlá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Inú ìgò gíláàsì tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ kán wọn sí, kí ẹ mì í, kí ẹ tó da álímọ́ńdì lé e. Ẹ dé e mọ́jú kí ẹ tó gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Yóò ti yí padà.

Ẹ má tíì fi í ra ara. Ẹ fi ẹ̀kán kan pa inú apá, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Bó bá yún, tó pọ́n tàbí tó wú, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbàgbé àpòpọ̀ yẹn.

Ti diffuser yá, ẹ̀rọ tó ń fọ́n òórùn ká inú ilé: ẹ̀kán 3 sí 5 nínú omi mílílítà 100, ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan, ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé. Bí ológbò bá wà nínú ilé, ẹ má lo tea tree rárá, májèlé ni fún un. Ẹ má gbé eucalyptus tàbí peppermint súnmọ́ ojú ọmọ kékeré, ó lè dí i léèémí. Aláboyún, ẹni tó ní wárápá àti ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má mu ún o. Eucalyptus ṣíbí kékeré kan ṣoṣo lè dá gìrì sí ọmọ lára. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ gbé e mì, ẹ má fipá mú un bì, torí ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ mú ìgò náà dání. Bó bá ta sí ẹyinjú, ẹ máa fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ìgò dúdú ni kí ẹ máa kó wọn sí, níbi tó tutù, tí oòrùn kò dé, tó sì jìnnà sí iná. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, torí òróró ọsàn tó ti pẹ́ lè mú kí ara máa yúnni ju tuntun lọ. Èmi ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí òróró ti rin ojú ewé rẹ̀. Gbogbo ẹ̀kán ni mò ń kọ síbẹ̀, títí kan èyí tó já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn kà báyìí pé: “Kedari 3 pọ̀ jù. Orí fọ́ mi. Padà sí 2.”