Bí mo ṣe wá intake tó bá ooru Èkó mu fún jíìpù mi

Grand Cherokee SRT ọdún 2014 ni jíìpù tí mò ń wà. Ẹ́ńjìnnì HEMI líta 6.4 ló wà nínú rẹ̀, agbára ẹṣin 470. Bí mo bá gbé e jáde ní ìdájí, tí afárá Third Mainland ṣì dá páropáro, ṣe ló máa ń ta bí ọfà. Lọ́sàn-án ńkọ́? Tí mo bá ti jókòó sínú gosílò láti Àdéníjí dé Oworoǹṣòkí, tí ọ̀nà wá là, tí mo tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán tí wọ́n ní kó sáré. Ó ń dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n ra intake, ìyẹn páìpù àti fíltà tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ símú. Mo gbà, àmọ́ mi ò fẹ́ fi owó ra ariwo. Mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wá sórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń wò níbẹ̀: bí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà símú ṣe gbóná tó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, láti Sùúrùlérè dé Lékìí, àtàlọ àtàbọ̀. Ní ìdájí, ó wà ní 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú gosílò ọ̀sán, 61.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná ò kún inú bíi ti tútù. Láàárín 33 sí 61 yẹn, bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ló ti dín kù. Tí a bá fi ìyẹn wọn 470, ó ń lọ sí ẹṣin 38 tó ti sọ nù kí n tó tẹ iná rárá. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì tún máa ń fa iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn, ìyẹn ni pé kì í jẹ́ kó tètè ṣáná, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbóná, kó má baà ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohun tí mò ń wá kì í ṣe afẹ́fẹ́ púpọ̀ bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tútù.

Àbúrò mi kan l'Ájáh yá mi ní tiẹ̀, fíltà tó rí bíi kóńkóló, tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láìsí àpótí tó bò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà gbé e sí i, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀." Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lóòótọ́, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nínú gosílò kan náà, fóònù kọ 69. Mo wa ọkọ̀ lọ bá bàbá tó ń tún un ṣe fún mi ní Múṣín. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ fíltà náà. Mo gbé e lé e, mo sì já a gbà kíá.

"Ṣé ibi tí ìwọ fúnra rẹ ò lè gbé ọwọ́ sí lo fẹ́ kó ti máa mí?"

Mo tú u, mo dá a padà fún olówó rẹ̀.

Irú kejì ni èyí tí páìpù rẹ̀ gùn wá sísàlẹ̀, tí fíltà rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn bọ́ńpà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù lóòótọ́, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n Èkó la wà, mo sì mọ Lékìí nínú oṣù Keje. Tí ẹ́ńjìnnì líta 6.4 bá ń yí ní 6,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó ń fà tó 19,200 líta ní ìṣẹ́jú náà. Ẹ fojú inú wo táńkì omi dúdú oní-1,000 líta mọ́kàndínlógún. Ohun tó ń fà tó báyẹn, tí ẹnu rẹ̀ bá kan àgbàrá, omi ni yóò mu. Písítìn lè tẹ afẹ́fẹ́ kó kéré, kò lè tẹ omi. Kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó ń ti písítìn, ló máa tẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì parí. Mo ti rí ọkọ̀ tó dúró láàárín omi báyẹn, tí ẹni tó ni ín ń ta á ní sítátà léraléra, ohun tí kò yẹ kó ṣe rárá.

Èyí tó kù ni ti alápòótí: fíltà ńlá nínú àpótí tí wọ́n fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ pa, tó ń fa afẹ́fẹ́ láti òkè, níbi tí ti ilé-iṣẹ́ náà ń gbà. Mo rà á lọ́jà Ládìípọ̀. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ojúlówó ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́, bàbá yọ páìpù, wọ́n gba aṣọ ìnujú funfun ọwọ́ mi, wọ́n fi nu inú rẹ̀ yíká. Ó jáde ní àwọ̀ búráùn, erùpẹ̀ kúnná lára rẹ̀ bí àtíkè. Wọ́n gbé fíltà náà sókè sí oòrùn, wọ́n sì fi ìka tọ́ka ibi tí bébà rẹ̀ ti pàdé rọ́bà: ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ń wọlé níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yanrìn ti ń gba ibẹ̀ kọjá sínú ẹ́ńjìnnì mi. Mi ò rí owó náà gbà padà, ó sì dùn mí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Tí ẹ bá fẹ́ ra fíltà, ẹ gbé e sí oòrùn níwájú ẹni tó ń tà á.

Àpótí náà ò ní àléébù, fíltà nìkan ni mo pààrọ̀. Mo yan èyí tí kò nílò òróró, tí mo lè fi omi ọṣẹ fọ̀, kí n sì sá a gbẹ nínú òjìji. Nínú gosílò, fóònù ń kọ 56 báyìí. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà bá là, ó ń já sí 39 kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà ọkọ̀, epo ló sì fẹ́ tàn mí jẹ níbẹ̀. Ìwé ọkọ̀ yìí dámọ̀ràn epo 91 (bí epo ṣe lè fara da ìtẹ̀ láìgbiná ṣáájú àkókò ni nọ́ńbà yìí ń wọ̀n), òfin wa náà sì béèrè 91, mo wá rò pé a ti dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. 91 ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìdajì àròpọ̀ ìwọ̀n méjì, RON àti MON, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà dán epo wò. Tiwa jẹ́ RON nìkan. Epo wa súnmọ́ 87 tiwọn. Ọmọkùnrin tó bá mi ṣe é n'Íkẹjà ti fẹ́ kó ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ fún 91 Amẹ́ríkà sí i, mo ní kó dúró. Mo ní kó wà á pẹ̀lú epo tó wà nínú táńkì, kó máa wo bí iná plọ́ọ̀gì ṣe ń fà sẹ́yìn, kó tó kọ tiwa. Ó gbà, a sì jọ lo ọjọ́ kan gbáko lórí rẹ̀. Ó tún jẹ́ kí fáànù tètè máa tan. (Tí tiyín bá jẹ́ 2015 sókè, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní títì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i.) Plọ́ọ̀gì mẹ́rìndínlógún ni mo pààrọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí sílíńdà mẹ́jọ ló ní, méjì méjì sì ni HEMI ń lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pààrọ̀ páàdì bírékì àti omi rẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò ní fi kún eré kí n má fi kún ìdúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méjì ọ̀sán, mo jáde nínú gosílò Oworoǹṣòkí, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, mo yọ páìpù fúnra mi, mo fi aṣọ ìnujú mìíràn nu inú rẹ̀ yíká. Funfun ló wọlé, funfun náà ló jáde.