Bí Yàrá Òtẹ́ẹ̀lì Tí Ẹ Gbà fún Ìsinmi Ẹbí Kò Bá Rí Bí Wọ́n Ṣe Ṣèlérí

Ẹ má tíì tú ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò yàrá àti ilé ìwẹ̀. Ẹ gbé igun fóòmù sókè, kí ẹ wo ojú rírán rẹ̀ dáadáa: àmì dúdú tíntìntín lè jẹ́ ìgbẹ́ ìdun. Bí ẹ bá rí i, ẹ má gba yàrá tó fara ti ìyẹn, torí ìdun máa ń gba ihò ògiri kọjá.

Ẹ fẹjọ́ sun máníjà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Ibí ló ti ń bàjẹ́ jù: ẹni tó dákẹ́ títí ó fi délé, wọ́n á ní kò jẹ́ káwọn tún un ṣe. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó, yàrá mìíràn tàbí kí wọ́n dá owó alẹ́ tó bàjẹ́ padà.