Bí a ṣe lè fọ ẹ̀rọ léètì àtijọ́ láì bà á jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Kàbà, Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ẹ̀rọ léètì àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ rẹ̀ lè gé e, tó sì fẹ́ tún un ṣe nílé, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó má ṣe fi sáńpépà tàbí ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin kan ojú irin gígùn tí kẹ̀kẹ́ tó gbé ọ̀bẹ ń rìn lórí rẹ̀, nítorí pé yanrìn wẹ́wẹ́ wọn a máa há sábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, a sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì àti réésà tí a tẹ́ pẹrẹsẹ tó láti ṣí ìpẹtà. Sùúrù ló gbà.

Irin gígùn yìí kì í jẹ dọ́gba. Ẹ̀bá ẹnu tó ń di irin mú ni iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ ló sì máa ń jẹ jù. Nítorí náà, òpin kejì, níbi tí irin kò tíì jẹ, ni kí ẹ ti fún àwọn síkúrù tó mú kẹ̀kẹ́ náà dúró, torí bí ẹ bá fún wọn níbi tó ti jẹ, yóò há lójú ọ̀nà.

Ẹ wo mọ́tò kí ẹ tó sanwó: ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ti iná fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ iná fẹ́ẹ̀sì kan ló wọ ọ̀pọ̀ ilé wa.

Lásìkò òjò, ẹ má fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ẹ̀rọ náà, nítorí ọ̀rinrin yóò há sábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà yóò sì padà. Ẹ fi ọ́ìlì pa á, kí ẹ sì fi aṣọ nípọn bò ó. Aṣọ yìí kan náà ni yóò dá eruku ọyẹ́ dúró.