Orúnkún Ni Ó Ń Sáré: Bí A Ṣe Lè Tún Ìgbésẹ̀ Wa Ṣe Nínú Họ́kì Orí Yìnyín

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Jarome Iginla ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í béèrè ohun tí ó túmọ̀ sí, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ igi ńlá. Edmonton ní orílẹ̀-èdè Kánádà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1977, ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, góòlù 625 ni ó sì jẹ nínú ìdíje NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín tí ó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Kánádà ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wa ni, ọ̀rọ̀ họ́kì ni wọ́n ń sọ ṣáá nígbàkigbà tí wọ́n bá wálé wá ṣe Ojúde Ọba, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń rò fún mi: “Àńkù, ẹsẹ̀ wa ò yá tó tàwọn yòókù.” Mo gbá eré yìí díẹ̀ nígbà tí èmi náà ń gbé lọ́hùn-ún, lẹ́yìn tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì ṣubú ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín jẹ́ ti ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó yé, ó sì wúlò fún àwọn tí wọ́n wà lórí yìnyín lọ́hùn-ún àti àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí wọ́n ń fi bàtà onítáyà dánra wò nílé.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn máa sáré lórí yìnyín bí ìgbà tí ó ń sáré lórí ilẹ̀. Irin tí ó wà lábẹ́ bàtà họ́kì kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ, wọ́n sì máa ń pọ́n ọn kí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lè gba àárín rẹ̀ já, èyí tí ó mú kí ó ní ojú méjì bíi ti idà: ojú inú tí ó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, àti ojú òde. Bí ẹ bá ti irin náà sẹ́yìn tààrà, yóò kàn yọ̀ ni, nítorí pé kí ó lè máa yọ̀ ní gígùn rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀ sórí ojú inú, tí ẹ sì fi ti yìnyín sí ẹ̀gbẹ́, yóò bu yìnyín jẹ, ara yín yóò sì rí ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ tì lọ síwájú. Gbogbo ohun tí ó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí wá láti ara ọ̀rọ̀ kan yìí.

Ìdúró ni ìpìlẹ̀. Ẹ wo ìyá tí ó ń yan gàrí lórí àpótí nígbà tí ó bá fẹ́ fi igbá fa gàrí tí ó wà ní òdìkejì agbada: ìdí rẹ̀ á kúrò lórí àpótí díẹ̀, orúnkún á wà ní títẹ̀, àyà á nà síwájú láìjẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ̀ kòròbà, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò níbi iṣẹ́. Ìdúró yẹn gan-an ni, àfi pé ti họ́kì ga jù ú lọ díẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì yóò jìnnà síra tó fífẹ̀ èjìká, orúnkún yóò sì yọ síwájú títí tí ẹ bá wolẹ̀, tí orúnkún á fi bo imú bàtà mọ́ yín lójú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ojú sókè, nítorí ẹni tí ó bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú eré tí wọ́n ti ń fi èjìká gbá ara wọn yóò rí ohun tí ojú ń rí. Bí orúnkún bá kọ̀ tí kò tẹ̀, ẹ yẹ okùn bàtà wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fa ihò òkè pátápátá le jù, tí ọrùn ẹsẹ̀ á sì gan bí igi.

Nígbà tí ó bá kan títì, ẹ yí imú bàtà ẹsẹ̀ tí ó fẹ́ tì síta, ẹ gbé gbogbo ìwúwo ara lé ojú inú irin rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ara, kí ẹ wá tì í sí ẹ̀gbẹ́ àti sẹ́yìn díẹ̀, títí orúnkún yóò fi nà tán. Kì í ṣe kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà. Ibi tí a ti ń tan ara wa jẹ nìyí, nítorí pé ìdá ìkẹyìn títì náà, nígbà tí gìgísẹ̀ bá ti ń kúrò tí ó ku iwájú irin lábẹ́ àtàǹpàkò, ni ó máa ń dà bí ìgbà tí ẹnìkan ta wá ní ìdí. Ẹni tí kò bá tẹ orúnkún dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní rí ohunkóhun nà ní ìparí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé orúnkún ni ó ń sáré.

Ẹsẹ̀ kejì, èyí tí ó ń yọ̀ lọ, kò gbọdọ̀ nà bí ó ti wù kí ó rí. Bí ó bá nà, ara yóò máa lọ sókè sódò bí ẹni tí ó wà lórí ẹṣin, agbára tí ó yẹ kí ó gbé yín síwájú á sì ṣòfò sí òkè. (Ẹṣin dára fún Ojúde Ọba, kì í ṣe fún ibí.) Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwúwo yín ti kúrò lára ẹsẹ̀ tí ó tì tán, ẹ gbé e sókè kí ẹ máa yọ̀ lọ lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ ka ení dé àrún láìmì.

Dídá ẹsẹ̀ padà ni ó fi ìyà jẹ mí jù. Odindi ọdún méjì ni mo fi rò pé agbára ni n kò ní, títí ọ̀rẹ́ mi kan fi fi fóònù ya mí láti ẹ̀yìn. Ohun tí mo rí tì mí lójú: ẹsẹ̀ mi méjèèjì jìnnà síra bí irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọn kò sì sún mọ́ra rárá. Ẹsẹ̀ tí ó bá balẹ̀ síta ti ná ọ̀nà tí ó yẹ kí ó fi tì tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn títì, ẹ fà á padà ní ìsàlẹ̀, kí irin máa rá yìnyín lára, títí gìgísẹ̀ kan yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èkejì lábẹ́ ara, ibẹ̀ ni kí ó sì balẹ̀ sí pẹ̀lú imú tí ó yà síta díẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dà bíi pé ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ ara yín. Ẹ fara dà á.

Ní ti apá, ohun tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀: kí ó máa lọ síwájú àti sẹ́yìn, kí ó má máa gba àyà kọjá, nítorí apá tí ó bá ń gbálẹ̀ lápá òsì lápá ọ̀tún yóò máa yí èjìká kiri. Nígbà tí puck, rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń fi igi họ́kì gbá, kò bá sí lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ kan ti tó láti di igi náà mú. Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan, ẹ ya ẹsẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, kí ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ kúrú kí ó sì yá, láti iwájú irin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa gùn.

Kò sí pápá yìnyín ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì dídán wà, bàtà tí táyà rẹ̀ tò sórí ìlà kan sì ṣe é fi kọ́ ohun tí ó pọ̀ jù nínú èyí. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́ rárá, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí ó jókòó sórí àga, fún ìṣẹ́jú àáyá 45, tí kò jìnnà sí iye àkókò tí òṣèré NHL ń lò lórí yìnyín kí ẹlòmíràn tó wọlé dípò rẹ̀. Itan yín yóò sọ òótọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ kan sáàárín ilẹ̀, kí ẹ máa gba orí rẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì padà wá kan ìlà náà kí ó tó tún tì síta. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn tó mú, kí ìkọ́kọrẹ́ tó dénú, pẹ̀lú akoto lórí àti ìbòrúnkún, kì í sì í ṣe lẹ́yìn òjò. Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ibi ìdánrawò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbìyànjú àtidúró lójijì nípa yíyí ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lórí yìnyín, nítorí táyà máa ń di sìmẹ́ńtì mú, yóò sì gbé yín lulẹ̀.

Iye ìgbésẹ̀ ni mo fi ń wọn ìtẹ̀síwájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àgbà fi títì 19 gba gbọ̀ngàn àdúgbò wa já ní ọjọ́ tí ó dé; ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di 12, àkókò tí ó lò kò sì pọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó fún un ní igi họ́kì rẹ̀ padà.